Bàtà Lórí Ilẹ̀ Pákó Akínyẹlé

Rárá, Síkírù, má wulẹ̀ gbé àga fún mi, orí àpótí tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, àga onítìmùtìmù máa ń jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí mo bá wá, jẹ́ kí n jókòó síbi tó le, ọ̀rọ̀ tó gbé mi kúrò nílé láàárọ̀ yìí náà le. Saidat, ìyàwó mi, mo rí ẹ, o kú iṣẹ́ ilé, má po tíì kankan fún mi, n kò lè mu ún, ọ̀nà ọ̀fun mi ti dí láti àná. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ láti Èbúté Mẹ́ta wá sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yìí, èmi arúgbó, pẹ̀lú orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, torí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lánàá tí mo ní irọ́ ni, àfi kí n fi ojú ara mi rí ẹni tí wọ́n fi sọ ọ́.

Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún. Wọ́n ní ìwọ Síkírù, tí ọkọ mi Akínyẹlé kọ́ ní iṣẹ́ káfíńtà láti orí bí a ṣe ń di ìṣó mú, ìwọ lo máa lọ fi irin ìhúṣó hú ilẹ̀ pákó tí ọ̀gá ẹ tẹ́ sínú họ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Yábàá, kí wọ́n lè da sìmẹ́ǹtì síbẹ̀. Wọ́n ní òní ni. Òní yìí tí a jọ jí sí. Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?

Ilẹ̀ lò ń wò. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Gbé ojú ẹ sókè kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ẹ yẹn, tí èékánná rẹ̀ hù wọ́, níbo ló ti rí bẹ́ẹ̀? Fi han Saidat, bóyá o ò tíì sọ fún un rí. Inú họ́ọ̀lù yẹn ni. Ọdún tí ọbabìnrin òyìnbó wá sí Èkó, ọdún márùndínlógójì rèé, ìwọ lo fi hámà gbá a, tí o ń ké bí ewúrẹ́, ọ̀gá ẹ ní kí o máa lọ sílé, o ní rárá, o ní pákó tó kù kò ju mẹ́rin lọ, o fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá parí. Èmi ni mo ya etí ìró mi fi dì í fún ẹ. Etí ìró tuntun ni o. Họ́ọ̀lù yẹn ti dàgbà kí àwa tó débẹ̀, àwọn òyìnbó ti kọ́ ọ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, bíríkì pupa, fèrèsé gíga mẹ́rìndínlógún, mo mọ iye wọn torí èmi ni mo ń nù wọ́n, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ tán, ìdí tí wọ́n fi pe Akínyẹlé nìyẹn. Ó lọ bá àwọn onípákó létí ọ̀sà, ó ṣa ìrókò yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan wọ́n, ó ń dẹ etí sí wọn bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rí orí ìṣó kan. Ṣé wọ́n rí i? Nínú ọdún márùndínlógójì, ṣé ìṣó kan yọ orí rí níbẹ̀?

Wọ́n wá ní pákó ló yọ̀. Wọ́n ní pákó ti gbó, ó ti di ewu, ó fẹ́ pa èèyàn. Pákó Akínyẹlé.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Saidat lè bá wa gbọ́ ọ, torí mo rí i tó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. Nígbà tí ẹ tẹ́ pákó yẹn tán, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, òyìnbó ni nígbà yẹn, bèèrè pé ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀. Akínyẹlé ní, "Ìyàwó mi." Kò bi mí o. Ilé ló dé tó sọ fún mi pé mo ti níṣẹ́. Báyìí ni mo ṣe lo ọgbọ̀n ọdún lórí eékún mi nínú họ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fi ń kùn ún? Èmi ni mo ń ṣe é fúnra mi. Àbẹ́là ni mo ń yọ́ sínú kẹrosíìnì, díẹ̀díẹ̀, jìnnà sí iná, n óò jẹ́ kó tutù kó di, n óò wá fi àkísà kùn ún, lẹ́yìn náà èèpo àgbọn tí mo là sí méjì, n óò fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, n óò máa jó lé e lórí láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń kùn ún. Ọjọ́ mẹ́ta kó sinmi. Ọjọ́ kẹta, n óò tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, n óò fà á kiri orí pákó kó lè dán, ṣùgbọ́n búláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́ ohun tó wúwo lórí, ẹ mọ ẹni tí mo ń gbé lé e?

Ayọ̀mípọ̀sí ni. Ọmọ Ọláolú mi, Ọláolú tó ń wa lọ́rì ní Ìjora. Ọmọ yẹn kò tíì pé ọdún mẹ́rin, màmá rẹ̀ á lọ sọ́jà, á fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, n óò gbé e jókòó sáàárín búláńkẹ́ẹ̀tì, n óò di etí aṣọ náà mú, n óò máa wọ́ ọ. Ẹ̀rín ọmọ náà á máa ká gbogbo họ́ọ̀lù, àjà ibẹ̀ ga, bó bá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Á ní, "Ìyá àgbà, ẹ sáré." N óò sáré. Síkírù, ẹ̀yìn mi lò ń wò yìí o, tó ti tẹ̀, eré yẹn ló tẹ̀ ẹ́, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìdí ọmọ yẹn wà nínú dídán pákó yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Bàtà wá ńkọ́? Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ibi bàtà, torí bàtà ló fa gbogbo rẹ̀.

Nígbà tèmi, ẹni tó bá fẹ́ wọ họ́ọ̀lù yẹn, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà ni yóò bọ́ bàtà sí. Ìyàwó tuntun bọ́ ọ. Àwọn onífèrè tó ń wá ṣeré ní Sátidé bọ́ ọ. Àwọn tó ń wá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, àwọn tó ń wá wo sinimá, gbogbo wọn ló bọ́ ọ, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi wọlé. Ẹsẹ̀ lásán kì í yọ̀ lórí ìda, awọ ẹsẹ̀ máa ń dì í mú. Èmi ni mo ń tọ́jú bàtà. N kò mọ nọ́ńbà kọ, ẹ mọ̀, wọn ò rán mi níléèwé, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya nǹkan sí àtẹ́lẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ẹja, òṣùpá, ìkòkò, adìẹ, n óò ya irú rẹ̀ sára páálí pélébé, n óò fún olówó ẹ̀ mú dání. Bí ijó bá parí, kó fi adìẹ rẹ̀ hàn mí, n óò fún un ní bàtà adìẹ. Bàtà kan kò sọnù rí lọ́wọ́ mi nínú ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣì í fún èèyàn, ìyẹn náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Kọ́lápọ̀.

Ta ni Kọ́lápọ̀? Òun ló di alábòójútó gbogbo ilé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, òun ló pè ọ́ síṣẹ́, òun ló dá pákó lẹ́bi. Ìyá rẹ̀, Àrínọlá, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Bàbá Kọ́lápọ̀, Káyọ̀dé, ti di tíṣà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń wá, ọ̀kan á dúró ti fèrèsé apá ọ̀tún, ọ̀kan á dúró ti apá òsì, wọ́n á máa wo ara wọn bí ẹni ń wo oúnjẹ nínú ààwẹ̀, kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta! Èmi ni ọ̀rọ̀ náà sú. Lọ́jọ́ kan mo ya ẹja sí bàtà ọkùnrin, mo ya ẹja sí bàtà obìnrin. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, mo fún obìnrin ní bàtà ọkùnrin tí mo fi ìwé ìròyìn wé, mo fún ọkùnrin ní bàtà obìnrin, mo ní ojú mi kò ríran dáadáa, kí wọ́n wá ara wọn lọ. Wọ́n wá ara wọn lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó, inú họ́ọ̀lù yẹn kan náà ni wọ́n ti gba àlejò, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn méjèèjì fi jó, mo sì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí bàtà tí a ń bọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ta ni yóò máa jẹ́ Kọ́lápọ̀ lónìí?

Ọmọ yẹn wá dé orí àga, ó ní bíbọ́ bàtà kí a tó wọ họ́ọ̀lù, ìwà ará oko ni. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Síkírù, má bínú, òun ló sọ ọ́, èmi kọ́. Ó ní kí gbogbo èèyàn máa wọ bàtà wọn wọlé. Ẹ wò ó, kì í ṣe pé ó ṣe é ló ń dùn mí jù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni. Ìgbà tí ètò SÁÀPÙ ìjọba dé tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n máa lọ sinmi, ọdún márùn-ún rèé, láti ọjọ́ yẹn n kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́, n kò fẹ́ rí ẹlòmíràn lórí eékún níbẹ̀. Báwo ni n óò ṣe wá mọ̀ pé wọ́n ti ń fi bàtà tẹ pákó?

Kí lo ní? O ní kí ni ìyẹn kàn mí, ní ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì?

Dúró, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ku ibì kan tí n kò tíì dé.

Ayọ̀mípọ̀sí wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ọmọ tí mo ń wọ́ lórí búláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi orí ara rẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó bá a bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta ló lò. Ó wá sílé lóṣù tó kọjá, ó jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá àgbà, èmi ni mo ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò. Wọ́n máa pè mí lọ gba ẹ̀bùn lórí pèpéle. Nínú họ́ọ̀lù yín ni." Họ́ọ̀lù yín! Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo jó, Síkírù. Nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, pẹ̀lú orúnkún yìí, mo jó, ayálégbé kejì kan ògiri. Mo mọ iye ẹsẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀lù dé ìsàlẹ̀ pèpéle, ìṣísẹ̀ méjìlélógójì ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń fi eékún rin ìṣísẹ̀ yẹn. Mo wá rò ó pé ọmọ mi yóò dìde dúró, yóò rìn ín láti ìkínní dé ìkejìlélógójì, níṣojú gbogbo èèyàn, lórí pákó bàbá rẹ̀ àgbà, n óò sì jókòó síbì kan, n óò máa kà á.

Saidat, sún mọ́ ibí. Síkírù, ìwọ náà. N kò tíì sọ eléyìí fún ẹ̀dá alààyè kankan.

Èmi ni.

Èmi ni mo kùn ún. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé ìsinmi, wọ́n gba aṣọ iṣẹ́, wọ́n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba ìgbálẹ̀, kò sí ẹni tó rántí gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òun ni mo so mọ́ etí ìró mi yìí, wò ó. Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè tó ṣáájú ọjọ́ ẹ̀bùn, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti tú ká, mo gbé ìda mi, mo gbé èèpo àgbọn mi, mo wọlé. Ojú mi rí nǹkan! Pákó ti gbẹ, ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò rí òróró ní ọyẹ́, ó ti ní ojú gígún gígún káàkiri, n kò mọ ohun tó gún un, mo rò pé tábìlì ni wọ́n wọ́, n kò mọ̀ pé gìgísẹ̀ bàtà ni. Mo sunkún. Mo kúnlẹ̀. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó fa gbogbo rẹ̀ mu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kò dán tó. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n máa lọ. Akínyẹlé ì bá ní kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo ń rí ọmọ yẹn níwájú mi, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti orí búláńkẹ́ẹ̀tì, mo ní kí pákó yìí dán débi tí yóò rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bó bá ń lọ. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì. N kò ṣe é rí. Ọgbọ̀n ọdún, n kò ṣe é rí.

Ọjọ́ kan péré ló sì rí sinmi, torí Sátidé ni ìnáwó, n kò sì fa búláńkẹ́ẹ̀tì, ta ni n óò gbé lé e? Síbẹ̀, gbọ́ o, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi wọlé, kò sí ohun tó máa ṣe ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mò ń bi, káfíńtà ni ẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ lásán á yọ̀? Ẹ̀n-hẹ́n. Kò lè yọ̀.

Àárọ̀ Sátidé mo dé pẹ̀lú aṣọ òkè tí Akínyẹlé rà fún mi. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń wọlé pẹ̀lú bàtà, tọkùnrin tobìnrin, gìgísẹ̀ bí orí ìṣó.  Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mo ní, "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà." Wọ́n ń wò mí. Ọmọbìnrin kan ní, "Màmá, ìsìn ti parí, ẹ máa lọ sílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀ jáde wá, kò mọ̀ mí, ó ní ta ni mo bá wá, káàdì mi dà. Káàdì! Èmi tí mo ń fún bàbá rẹ̀ ní páálí ẹja. Ó sọ fún ọlọ́dẹ pé kó mú màmá lọ sábẹ́ kánópì níta, pé ibẹ̀ ni àwọn tí kò ní káàdì ń jókòó. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àbùkù o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé kí wọ́n gbé àga kúrò lójú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Alága ọjọ́ náà ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dún kọ́, kọ́, kọ́, mo ń kà á, mo ka mọ́kàndínlógún. Ogún kò dún bí bàtà. Gbogbo họ́ọ̀lù ké. Ó fi ọwọ́ gbélẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Ó ṣe mí láàánú, ọmọ ẹlòmíràn ni, mo gbàdúrà fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n gbé e jáde gba iwájú mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣe tú ká. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọn ò pe Ayọ̀mípọ̀sí.

Ṣé o gbọ́ mi? Wọn ò pe orúkọ rẹ̀. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ojú fèrèsé ọ́fíìsì kan ni wọ́n ti na ẹ̀bùn náà sí i, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan, ó buwọ́ lù ú, akọ̀wé ní, "Ẹni tó kàn." Ó gbé e wá fún mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sí imú rẹ̀, ó sì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì àti ìda, òórùn yẹn kì í tètè lọ, kò sí ọṣẹ tó ń ṣí i. Ọmọ yẹn mọ òórùn yẹn ju òórùn ọmú ìyá rẹ̀ lọ.  Ó kàn gbé orí lé orí ẹsẹ̀ mi. Ì bá bú mi, ì bá dára. Àwọn tó bá ń dákẹ́ fún èèyàn báyìí, wọn ò mọ bó ṣe ń wúwo tó.

Kọ́lápọ̀ wá pe ìpàdé. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi inú ìgò, wọ́n ní pákó ló yọ̀. Kò sẹ́ni tó ní bàtà ló yọ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló kùn ún. Pákó kò lẹ́nu tó lè fi sọ tirẹ̀, ó sùn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú, wọ́n ní kí wọ́n wá Síkírù káfíńtà. Bí wọ́n bá bú mi, n óò gbà. Bí wọ́n bá ní kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún alága, èmi obìnrin, n óò dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀bi mi máa pa iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi, kí ó sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi irin lé lọ́wọ́, ìwọ tó jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀, Síkírù, báwo ni n óò ṣe fojú kan Akínyẹlé bí mo bá dé ọ̀hún? Kí n ní kí ni? Kí n ní ó yọ̀?

Má sọ fún mi pé o kò mọ̀ pé èmi ni. Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ìwọ náà sọ òótọ́ fún mi báyìí. O ti lọ wo ilẹ̀ náà, àbí? Ṣé pákó kan jẹrà níbẹ̀? Ẹyọ kan? Ṣé ikán wà níbẹ̀? O ń mi orí. Sọ ọ́ sókè, kí Saidat gbọ́. Ẹ̀n-hẹ́n! Bí èèyàn bá fi ìfági fá ìda yẹn kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi sáńpépà tẹ̀ lé e, ọjọ́ mélòó ni? Mẹ́rin? Ọjọ́ mẹ́rin, o sì fẹ́ hú u dànù?

Ó dáa. Ohun tí mo bá wá nìyí. Ìwọ àti èmi la jọ ń lọ sí Yábàá láàárọ̀ yìí. N óò dúró níwájú Kọ́lápọ̀, n óò gbé kọ́kọ́rọ́ yìí lé e lọ́wọ́, n óò ní èmi ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún, pákó kò mọ nǹkan kan. Ìwọ náà á sọ tìẹ bí káfíńtà, pé ilẹ̀ náà ṣì le, pé ó máa pẹ́ ju òun lọ. Bó bá ń ṣe agídí, n óò ní kó lọ sílé lọ bi Àrínọlá ìyá rẹ̀ léèrè ẹni tó ya ẹja sí bàtà. Lẹ́yìn tí o bá fá a tán, Ayọ̀mípọ̀sí á bọ́ bàtà, á gbé ìwé ńlá rẹ̀ yẹn lọ́wọ́, á rin ìṣísẹ̀ méjìlélógójì yẹn tán. Kí ẹnikẹ́ni má wá wò ó. Èmi nìkan tó.

Bó bá sì ní dandan, sìmẹ́ǹtì lòun fẹ́, kò burú, kó wá ẹlòmíràn tó máa hú u. Ẹni tó bá da sìmẹ́ǹtì lé orí iṣẹ́ Akínyẹlé, kí gbogbo bàtà tó bá rà máa jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ títí ayé rẹ̀, ti ọ̀tún kó fún jù, ti òsì kó fẹ̀ jù.

Kí ni? Kí lò ń wá kiri láti ìgbà yìí? Ọkọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ gbé ẹ ti dé lójú títì, mo gbọ́ fèrè rẹ̀, jẹ́ kó máa fọn. Irinṣẹ́ ẹ? Inú àpótí tí mo jókòó lé ni wọ́n wà?

Mo mọ̀, Síkírù. Akínyẹlé ló kan àpótí yìí, ó kàn án fún ẹ lọ́jọ́ tí o gba òmìnira, èmi ni mo fi ìda pa ìdérí rẹ̀. O rò pé lásán ni mo kọ àga onítìmùtìmù?

Ha, wo ojú ẹ. Saidat, wá wo ojú ọkọ ẹ kí o tó lọ, ha ha, Ọlọ́run mi, bó ṣe rí gan-an nìyí lọ́jọ́ tí hámà bà á. Po tíì yẹn wá báyìí, ìyàwó mi, ọ̀fun mi ti là, kí ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Kí ọkọ ẹ ronú lórí irinṣẹ́ tó fẹ́ mú jáde. Bó bá ní ìfági ni, n óò dìde. Bó bá ní irin ìhúṣó ni, jọ̀ọ́, bá mi se oúnjẹ ọ̀sán mọ́ tiyín.